Kí ẹ tó kọ iye owó olórin, ẹ béèrè ohun tó wà lórúkọ rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ kú àìsùn. Àwa tí à ń kọ lẹ́tà yìí ń jẹun nídìí orin ní Ìlọrin àti Ọ̀fà: a ń gba ohùn sílẹ̀ ní sítúdíò, a ń bá olórin tọ́jú ìwé àdéhùn, a sì ń fi orin wọn ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé àríyá yín ló gbé wa wá. Ó ti mọ́ yín lára níbẹ̀ láti kọ orúkọ gbajúmọ̀ olórin, kí ẹ kọ iye dọ́là kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá fi àwòrán ilé àti ọkọ̀ bọ̀gìnnì tì í. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọrin láti Ọjà Ọba títí dé Òmù-Àrán ló ń ka ojú ìwé yẹn, tí wọ́n sì ń fi iye náà wọn ara wọn. A fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú nọ́ńbà lásán yẹn. Iye owó olórin kò lè yé èèyàn àfi tó bá mọ ohun tí olórin náà ni, ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn nínú rẹ̀, àti ìwé tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Tina Turner ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní ọbabìnrin orin rọ́ọ̀kì, tó kú ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 lẹ́ni ọdún 83. Nínú ìtàn tirẹ̀, owó, iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ilé wé mọ́ra débi pé èèyàn kò lè tú ọ̀kan láìfọwọ́ kan èkejì.

Anna Mae Bullock ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 1939. Nutbush, ìlú kékeré tí wọ́n ti ń gbin òwú, ló gbé dàgbà. Ó pàdé Ike Turner, onígìtá àti olórí ẹgbẹ́ olórin, ní agbègbè St. Louis. Nígbà tí orin wọn, "A Fool in Love", jáde ní 1960, Ike ló fún un lórúkọ Tina Turner, ó sì fi orúkọ náà sábẹ́ òfin lọ́wọ́ ara rẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí obìnrin náà bá lọ, yóò rí ẹlòmíràn fi sí abẹ́ orúkọ kan náà. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1962. Lílù àti ìyà ni obìnrin náà fi ń ṣe oúnjẹ nínú ilé yẹn. Ní oṣù Keje ọdún 1976, ní ìlú Dallas, ó sá jáde ní hòtẹ́ẹ̀lì tòun ti sẹ́ǹtì 36 àti káàdì ìrapẹtiróòlù kan.

Ìtàn sẹ́ǹtì 36 yẹn ti tàn kálẹ̀. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tó parí ní oṣù Kẹta ọdún 1978 ni ó yẹ kí olórin kà. Nínú rẹ̀, Tina fi ìpín rẹ̀ nínú sítúdíò Bolic Sound sílẹ̀ fún Ike, ó fi ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìpín rẹ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ pọ́bílíṣà, àwọn tó ń lé owó orin kiri, sílẹ̀. Ohun tó mú jáde ni ọkọ̀ Jaguar méjì, aṣọ onírun àti ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, owó òǹkọ̀wé lórí orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, àti orúkọ orí ìtàgé yẹn, Tina Turner.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi owó òǹkọ̀wé, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ lábẹ́ àwọn olórin wa. Bí orin tuntun bá jáde, nǹkan méjì ló dáyé. Ọ̀kan ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń dá a. Èkejì ni ìgbàsílẹ̀, èyí tí àwa nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní másítà. Ẹni tó kọ orin ló ni ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ìwé àdéhùn bá dárúkọ ló ni másítà, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tó sanwó sítúdíò. Owó orin fúnra rẹ̀ tún máa ń pín sí méjì, ìdajì fún òǹkọ̀wé, ìdajì fún pọ́bílíṣà, ẹni tó ń forúkọ orin sílẹ̀ tó sì ń lé owó rẹ̀ kiri. Òǹkọ̀wé tí kò bá gbé iṣẹ́ pọ́bílíṣà fún ẹnikẹ́ni ló ni ìdajì méjèèjì. Tina ló kọ "Nutbush City Limits" tó jáde ní 1973, orin tó fi sọ̀rọ̀ ìlú tó ti dàgbà. Lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, owó òǹkọ̀wé lórí rẹ̀ ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti pọ́bílíṣà ń lọ sọ́dọ̀ ọkọ tó sá fún.

Gbèsè náà sì bá a lọ. Àwọn tó ti gbé owó kalẹ̀ fún àwọn eré tí òun àti Ike kò lè ṣe mọ́ ń béèrè owó wọn. Káàdì oúnjẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún aláìní ni ó fi ń jẹun nígbà kan. Ká ní ọdún 1978 ni ẹ kọ iye tó ní, òdo ni ẹ óò kọ, tàbí kó relẹ̀ sí i. Síbẹ̀ ohun tó níye lórí jù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Orúkọ yẹn ni ó fi ń rí iṣẹ́ ṣe ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Las Vegas, òun ni ó fi ń san gbèsè, òun náà ni mánéjà rẹ̀ tuntun, Roger Davies, rí gbé lọ síwájú ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù.

Àwo "Private Dancer" jáde ní 1984, ó sì tà ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ kárí ayé. "What's Love Got to Do with It" gun orí àtẹ Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, nígbà tí Tina jẹ́ ẹni ọdún 44. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín ẹ̀bùn Grammy ní 1985. Ẹ̀bùn ìgbàsílẹ̀ tó dára jù lọ́dún náà bọ́ sọ́wọ́ Tina àti ẹni tó gbé orin náà jáde ní sítúdíò. Ẹ̀bùn orin tó dára jù lọ́dún, lórí orin kan náà yìí, bọ́ sọ́wọ́ Terry Britten àti Graham Lyle tó kọ ọ́. Tina kò sí níbẹ̀. Bí owó ṣe ń rìn náà nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, bí rédíò orí afẹ́fẹ́ bá lu orin, òǹkọ̀wé àti pọ́bílíṣà ni wọ́n ń sanwó fún. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń jáde kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Òǹkàwé yín tó gbọ́ ohùn Tina lórí rédíò ní gbogbo ọdún 1984 yóò rò pé owó ń ya lé e lórí. Britten àti Lyle ló ń ya lé.

Nítorí náà, orí ìtàgé ni ó ti jẹ èyí tó pọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1988, ó kọrin ní pápá ìṣeré Maracanã ní Rio de Janeiro níwájú èèyàn tó lé ní 180,000 tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé Guinness. Ìrìnàjò eré rẹ̀ ti ọdún 2000 pa ju mílíọ̀nù 80 dọ́là lọ ní Àríwá Amẹ́ríkà nìkan, kò sì sí olórin tó pa jù ú lọ níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Irú iye báyìí ni ẹ sábà máa ń mú, tí ẹ ó ní "ó pa mílíọ̀nù 80". Owó ẹnu ọ̀nà ni. Owó pápá, iná, ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn onílù, agbátẹrù eré, mánéjà àti owó orí ń dúró dè é.

Ẹ jẹ́ ká fi náírà ṣe é kó lè yé ọmọ Kwara. Ká sọ pé olórin gba 1,000,000 náírà fún òde kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Àwọn onílù àti elégbè gba 350,000, ọkọ̀ àti ilé ìsùn jẹ 150,000, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ gbohùngbohùn gba 80,000. Àpapọ̀ ìnáwó jẹ́ 580,000. Mánéjà ń gba 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìwé bá sọ pé látinú owó tó wọlé ni yóò ti gba á, 200,000 ni tirẹ̀, 220,000 ló kù fún olórin. Bí ìwé bá sọ pé lẹ́yìn ìnáwó ni, 84,000 ni tirẹ̀, 336,000 ló kù fún olórin. 116,000 náírà ti yí ọwọ́ padà lórí gbólóhùn kan ṣoṣo, òde kan péré sì nìyẹn. Olórin tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé mánéjà, gbólóhùn yẹn ni kó kọ́kọ́ wá.

Owó àsansílẹ̀ ni wàhálà kejì. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá "fún" ọmọdékùnrin kan ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ìròyìn yóò gbé e. Ká wo inú rẹ̀: mílíọ̀nù kan ààbọ̀ fún sítúdíò, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ fún fídíò, mílíọ̀nù kan lówó. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni gbèsè tí wọn óò yọ kúrò nínú ìpín olórin. Bí ìpín rẹ̀ bá jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún, tí orin náà sì pa mílíọ̀nù mẹ́wàá, mílíọ̀nù méjì ni tirẹ̀, ó sì tún ṣẹ́ku mílíọ̀nù méjì tó jẹ. Orin náà gbọ́dọ̀ pa mílíọ̀nù 20 kí ó tó rí náírà àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ ti rí owó rẹ̀ padà láti ìgbà tí mílíọ̀nù mẹ́rin àkọ́kọ́ ti wọlé. A kò sọ pé ẹ̀tàn ni. Ilé-iṣẹ́ ló fi owó rẹ̀ wewu. Ṣùgbọ́n kí olórin béèrè kó tó fọwọ́ sí i bóyá owó fídíò gbọ́dọ̀ wà lórí òun nìkan, kí wọ́n kọ iye ọdún tí másítà yóò fi wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kó tó padà sọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ìwé ìṣirò wò.

Ẹni tó bá ni másítà rẹ̀ lè fi ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò lè ṣe. Ní 1997, David Bowie, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi owó tí àwọn àwo rẹ̀ àtijọ́ ń pa yá mílíọ̀nù 55 dọ́là fún ọdún mẹ́wàá, èlé rẹ̀ 7.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lo nínú owó náà láti ra ẹ̀tọ́ tó wà lọ́wọ́ mánéjà rẹ̀ àtijọ́ padà. Àwọn àwo náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Tina ní tirẹ̀ tà pátápátá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ó ta ìpín rẹ̀ nínú ìgbàsílẹ̀, owó òǹkọ̀wé rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ láti lo orúkọ, àwòrán àti ìrísí rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ orin BMG. Wọn kò kéde iye rẹ̀. Iye tó wà nínú ìwé ìròyìn jẹ́ àfojúbù. Orúkọ tí Ike fi sábẹ́ òfin ní 1960, tí adájọ́ fi lé e lọ́wọ́ ní 1978, ni ó wà lára ọjà tó tà lẹ́yìn ọdún 43. Ìyẹn ni a rò pé ó yẹ kó jẹ́ àkọlé ìròyìn, kì í ṣe iye dọ́là.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ilé. Ilé ńlá etí omi tó gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Küsnacht, ní Switzerland, tí àwòrán rẹ̀ kún inú ìwé ìròyìn, ilé àyágbé ni. Ọdún 2021 ni òun àti ọkọ rẹ̀ tó ra ilé tiwọn ní Stäfa tí kò jìnnà síbẹ̀. Àwòrán ilé kò sọ ẹni tó ni í.

Nípa ọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀, a ó kàn mẹ́nu bà á, torí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. Erwin Bach, ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, bá a gbé fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún; wọ́n ṣègbéyàwó ní 2013, ọdún náà ni Tina di ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland tó sì fi ti Amẹ́ríkà sílẹ̀. Bach ló fún un ní kíndìnrín kan ní 2017. Ọmọkùnrin rẹ̀ Craig kú ní 2018, Ronnie kú ní 2022. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀ ni ti orílẹ̀-èdè: Amẹ́ríkà ń gba owó orí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ níbikíbi tó bá ń gbé, nítorí náà dọ́là kan náà kì í ṣẹ́ku bákan náà lọ́wọ́ èèyàn méjì.

Owó orí yìí kan olórin Ìlọrin náà. Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà kò ní àdéhùn owó orí láàárín ara wọn, torí náà 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lára owó orin tó bá ti Amẹ́ríkà wá, kódà bí olórin bá kọ W-8BEN, fọ́ọ̀mù owó orí Amẹ́ríkà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, dáadáa. Ẹni tó ń retí 100 dọ́là tó rí 70, kí ó má lọ bá ẹni tó fi orin rẹ̀ ránṣẹ́ jà. Láti 2024 pẹ̀lú, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 lórí Spotify, ìkànnì tí èèyàn ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í wọ inú ìpín owó ìgbàsílẹ̀ rárá. Orin mẹ́wàá tí wọ́n gbọ́ ní ìgbà 900 níkọ̀ọ̀kan kò mówó wá. Ọ̀kan tí wọ́n gbọ́ ní ìgbà 9,000 mówó wá.

Ohun tó ń bàjẹ́ jù lọ́wọ́ tiwa níbí ni orúkọ. Olórin kan yóò kọ orúkọ rẹ̀ ní "Ṣeun" lórí orin kan, "Seun" lórí èkejì, "Sheun" lórí ẹ̀kẹta. Kọ̀ǹpútà yóò sọ ọ́ di èèyàn mẹ́ta, owó rẹ̀ àti iye olùgbọ́ rẹ̀ yóò fọ́n ká. Kí ó mú ọ̀nà ìkọ̀wé kan, àmì tàbí àìlámì, kí ó má yà kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìgbàsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ISRC, àmì ìdánimọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà, àpapọ̀ wọn 12. Bí èèyàn bá yí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ kiri padà, ISRC àtijọ́ ni kó gbé lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ orin náà yóò padà sí òdo. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì wà tó jẹ́ pé owó ọdọọdún ni wọ́n ń gbà; ọjọ́ tí owó náà bá tán, orin yóò kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé fíforúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC ti dáàbò bo orúkọ orí ìtàgé wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò ní Àbújá ló ń ṣe ìyẹn, kíláàsì 41 ni fún eré ìdárayá àti ìnàjú, kíláàsì 9 fún orin tí a gbà sílẹ̀. Ọdún méje àkọ́kọ́ ni ó máa ń jẹ́, lẹ́yìn náà èèyàn óò máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá. Kí olórin rí i dájú pé orúkọ òun ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti mánéjà. Ohun tí Ike ṣe ní 1960, èèyàn lè ṣe é ní Ìlọrin lónìí.

Ìwé ìpín sì ni èyí tó rọrùn jù tí wọn kì í ṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó kúrò ní sítúdíò, kí wọ́n kọ àkọlé orin, ọjọ́, orúkọ ìwé kálukú, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ẹni tó ṣe bíìtì, elégbè tó bá dá gbólóhùn kan sínú rẹ̀, ìpín olúkúlùkù kó pé 100, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Orí orin ni ìwé kan, orí másítà ni ìwé kejì. Ẹ má kó wọn pọ̀. Bíìtì tí wọ́n yá lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe bíìtì tí wọ́n rà. Èyí tí wọ́n yá máa ń ní iye ìgbà tí orin lè dún kó tó di pé wọ́n tún sanwó. Lẹ́yìn èyí ni òǹkọ̀wé yóò gbé orin náà lọ sọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2017 láti máa gba owó orin, kí rédíò àti ilé ìtura tó ń lu ú lè san tirẹ̀. Ẹni tí kò forúkọ orin sílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò wá a wá.

Àwọn onídadakúàdá àtijọ́, ìran Òdòlayé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó, orí owó tí wọ́n ń fọ́n ní òde àríyá ni wọ́n gbára lé jù. Òfin báǹkì àpapọ̀ ti 2007 ti sọ fífọ́n náírà di ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ kò dín sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn 50,000 náírà, nítorí náà ọ̀nà yẹn ń dí. Bẹ́ẹ̀ ni àwo wọn wà lórí YouTube, tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ wọn gbé síbẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà, Copyright Act 2022, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé orin wà fún ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tó kú. Olórin tó kú ní 2000, di ìparí 2070 ni ẹ̀tọ́ orin rẹ̀ yóò fi wà fún àwọn ajogún rẹ̀. Ti ìgbàsílẹ̀ kúrú: ọdún 50 lẹ́yìn ọdún tó jáde. Àwo tó jáde ní 1980, ìparí 2030 ni. Oríkì ìdílé tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti olórin kankan. Ohun tó fi ọgbọ́n ara rẹ̀ dá ló jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń pín ogún nílẹ̀ wa, ilé, ilẹ̀ àti mọ́tò ni wọ́n ń kà sílẹ̀ níwájú alfa tàbí ní kóòtù. A kì í gbọ́ pé wọ́n ka orin. Kí àwọn ọmọ olóògbé mú ìwé ikú, ìwé tó fi hàn pé ajogún ni wọ́n, àti orúkọ àwo kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọdún tó jáde, kí wọ́n lọ bá MCSN. Lẹ́yìn náà kí wọ́n bá ẹni tó gbé orin náà sórí YouTube sọ̀rọ̀, nítorí bí ìwé bá ti pé, wọ́n lè gba owó ìpolówó orí rẹ̀ láìjẹ́ pé orin náà kúrò níbẹ̀.

A ti ní àpẹẹrẹ ìwé ìpín méjèèjì ní èdè Yorùbá, ti orin àti ti másítà. Kò kọjá ojú ewé kan. Bí ẹ bá gbà, a óò fi ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé àríyá pẹ̀lú ìlà tí olórin lè gé, kí ó mú un dání lọ sí sítúdíò.

Àwa ni tiyín,
Àwọn agbohùnsílẹ̀ kan láti Ìlọrin àti Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara